Oògùn Ikọ́ Fée Tí Mo Fín Sí Ọmọ Mi Lẹ́nu

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí mi nítorí pé àwọn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi máa ń fẹ́ gbà mí sílẹ̀, wọ́n á ní ọmọdé ni mí, n kò mọ̀. N kì í ṣe ọmọdé. Mo ti tọ́ ọmọ méjì ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Àìmọ̀ nìkan kọ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ àìsàn kan dáadáa, mo sì rò pé òun náà ni mo ń wò.

Òdìgbó là ń gbé. Ìjọba ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́, ó ń lọ yẹ kòkó wò káàkiri àwọn ìletò, nígbà mìíràn ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta ní Araromi-Obu kó tó wálé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, owó epo rọ̀bì sì wà níta. Ní oríta Ọ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo kì í dá. Ẹni tí kò ní fáànù rí ra fáànù. Ẹni tó ti ní rédíò tún ra èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀. Wàrà alágolo dé àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé lásìkò òjò. Ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá, ojú ọ̀tọ̀ la fi ń wò ó, èmi náà kò sì yàtọ̀.

Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń ṣe mí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àìsàn tí ń fún èèyàn láyà ni; ọ̀nà èémí á dín, bí èèyàn bá sì ti ń mí, àyà á máa fọn bíi fèrè: fée, fée. Ìró yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orúkọ yẹn ló ṣì mí lọ́nà.

Àbúrò ọkọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tó ṣáájú, ó sì mú oògùn kan bọ̀ fún mi: agolo kékeré kan tí a ki bọ inú ike aláwọ̀ búlúù, tí èèyàn yóò fi sẹ́nu, tí yóò tẹ orí rẹ̀, tí ohun kan bí ìrì tútù yóò tú sọ́nà ọ̀fun. Ínhélà ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kìíní tí mo lò ó, kí omi tí mo gbé kaná tó hó ni àyà mi ti là. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún, nítorí gbogbo òru tí mo ti fi ìjókòó sùn láti ìgbà èwe mi. Ọkọ mi sọ ọ́ di àwàdà. Bí ó bá ti rí i pé mo ń wú ikọ́, á ní, “Ìyá ọmọ mi, ẹ̀rọ ìfínkòkó rẹ dà?” Gbogbo ẹni tó bá gbé agbègbè wa ló mọ ẹ̀rọ yẹn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó nígbà òjò. Inú páálí ṣọ́ọ̀kì tó ti ṣófo ni mo ń tọ́jú tèmi sí, mo sì mọ ibi tó wà ní gbogbo ìgbà.

Ọmọ náà jẹ́ obìnrin, ó pé oṣù mẹ́rin. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Àwa tí a ṣì lè pè é kò ju mẹ́ta lọ, a kì í sì í pè é.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ajue láti bá mi tọ́jú rẹ̀ kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìkálẹ̀ ni wọ́n. Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, Yorùbá inú ìwé ni mo ń sọ, ìyẹn sì máa ń pa Màmá lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á pè mí ní Tíṣà. Bí inú wọn bá dùn sí mi, wọ́n á ní “ọma mi,” bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Mo fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ èyí kó tó gbọ́ ìyókù.

Àárín òjò ni. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kó ọ̀fìnkìn bọ̀ láti ilé-ìwé, ó sì ràn án. Ní ọjọ́ kìíní, kò ju pé ó ń sín, tí imú rẹ̀ ń ṣomi lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo jáde láti balùwẹ̀ ní òwúrọ̀, mo bá Màmá lórí àpótí pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n fi ẹnu bo imú rẹ̀, wọ́n fa ikun inú rẹ̀ jáde, wọ́n tu ú sínú eérú. Wọ́n tún tẹ̀ síwájú láti fà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fa imú ọmọ mọ́.”

“Kí ni kí n fi fà á? Ẹsẹ̀?”

“Kòkòrò àìsàn wà lẹ́nu àgbà. Ó tún wà nínú ikun yẹn. Ẹ̀yin náà lè kó o.”

“Mo fa ti ọkọ rẹ. Mo fa ti àbúrò rẹ̀ tó lọ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kò kú, èmi náà rèé.” Wọ́n nu ẹnu. “Umú ọma yìí dí, Tíṣà. Kò rí ibi mí.”

“Imú ni, Màmá. Imú.”

Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni, bí mo ṣe máa ń ṣàtúnṣe fún àwọn ọmọ ní iwájú pátákó. Màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn mi.

“Ì báà jẹ́ imú, ì báà jẹ́ umú, ó dí.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gba ọmọ, mo lọ́ etí aṣọ funfun kan, mo fi nu ihò imú rẹ̀ bó ti wà nínú ìwé. Ohun tí aṣọ lè nù ni èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó wà nínú kò kúrò níbi tó wà. Màmá tún fẹ́ kán àdí sí i nímú, mo kọ ìyẹn náà, dókítà sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyẹn ni mo ṣe tó tọ́ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ikọ́ dé. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mo wà nílé nítorí ọjọ́ Sátidé ni, mo gbé e lé èjìká, mo sì gbọ́ ọ lẹ́bàá etí mi. Fée. Mo gbé e kúrò léjìká, mo fi etí lé àyà rẹ̀. Fée, fée.

Bí ẹ bá jẹ́ ìyá tó ní àìsàn kan lára, ẹ ó mọ bí ara mi ṣe rí. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù nínú oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Mo ní, “Màmá, tèmi ni. Ikọ́ fée ni. Èmi ni mo fún un.”

Màmá wá fetí sí i. Wọ́n ní, “Ó ń fọn lóòótọ́.”

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi tún balẹ̀ lọ́nà kan. Àìsàn tí mo mọ orúkọ rẹ̀ ni, oògùn rẹ̀ sì wà nínú páálí ṣọ́ọ̀kì. Ìyá mi kò ní in nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n èmi ní in. Mo mú ife ike kékeré kan, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, mo ki ẹnu ínhélà bọ ihò náà, mo fi ife bo imú àti ẹnu ọmọ, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ikun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nímú rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo tún fetí sí àyà rẹ̀, fée náà ti rọlẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ti ìhà Ẹbìrà wá, tó ń bá ọkọ mi dá oko kòkó. Ó yà sílé láti gba omi mu, ẹ̀rọ ìfínkòkó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì di búlúù níbi gbogbo tí oògùn ti kán sí i. Ó bá mi pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́.

“Màdáámù, ẹ̀yin náà ń fín tiyín lónìí?”

“Ó ń fín ọmọ bí ẹní fín kòkó,” Màmá dáhùn.

“Ṣé dúdú ló ń ṣe é ni, àbí kòkòrò?” Ó gbé omi mì. “Torí oògùn dúdú kì í pa kòkòrò o. Mo fi odidi ọjọ́ kan fín oògùn dúdú sí àwọn igi kan lọ́dún èṣí, kòkòrò ló ń jẹ wọ́n. Igi kú. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí.”

A rẹ́rìn-ín gbogbo wa. Mo ní, “Ikọ́ fée ni. Oògùn rẹ̀ gan-an rèé.”

“Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.” Ó da omi tó kù nínú ife sídìí igi ọsàn, ó sì bá ọ̀nà oko lọ.

Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn olóko kòkó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àìsàn tí ń mú kí èso kòkó dúdú yàtọ̀ sí kòkòrò tí ń jẹ igi. Méjèèjì ló lè fi àmì dúdú sí ara èso, ṣùgbọ́n oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èmi pàápàá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yẹn nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ti ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó.

Ọ̀nà tí mo gbà ń ṣe nǹkan ni pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gé páálí kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i: wákàtí, iye ìgbà tí mo tẹ oògùn, bí èémí ṣe rí. Lókè ìlà kẹta ni mo kọ “Fée” sí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo ń kọ: ó wà, ó dín kù, ó wà, ó dín kù. N kò ya ìlà kankan fún ọmú. Bí mo bá ti yà á ni, ǹ bá ti rí i pé ọmọ náà ń fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì, á yọ ẹnu rẹ̀, á mí, á tún fà á lẹ́ẹ̀kan, á sì fi orí sílẹ̀. Màmá rí i láìfa ìlà.

“Ebi ń pa á,” ni wọ́n wí. “Ẹni tí imú rẹ̀ dí, tí ọmú tún wà lẹ́nu rẹ̀, ibo ni yóò gbà mí?” Ó ya mí lẹ́nu pé “imú” ni wọ́n pè é lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti gba àtúnṣe mi.

“Bí àyà bá là, yóò mu, Màmá.”

Ọkọ mi wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé ọmọ, ó wò ó pẹ́. “Ṣé kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la? Mo lè má padà sóko.”

“Oògùn tí wọn yóò fún un lọ́hùn-ún náà ló wà lọ́wọ́ mi.”

“Ìwọ lo mọ àìsàn náà,” ló wí. Ní ìdájí, ó padà sí Araromi-Obu.

Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò ìdajì ọdún bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é. Mo fín oògùn fún ọmọ kí n tó jáde. Mo fi Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun mẹ́ta tí mo ti sè, mo sì tún rán wọn létí pé kí wọ́n má fi ẹnu fa imú rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Ilé-ìwé kò jìnnà. Ní ìsinmi ọ̀sán, mo sáré wálé.

“Ó dákẹ́,” ni Màmá wí kí n tó bọ́ bàtà.

“Ṣé oorun ni?”

“N kò mọ̀ bóyá oorun ni. Kò ké láti ìgbà tí o ti lọ. N kò fẹ́ràn ìdákẹ́ yìí.”

Mo tẹríba, mo fi etí lé àyà rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti ń fetí sí àyà yẹn, mo ń wá kí n má gbọ́ nǹkan kan. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ayọ̀ mú mi débi pé mo di ọwọ́ Màmá mú.

“Fée ti lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wò mí. “Ṣé mo lè fa imú rẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan péré, kí o tó padà. Kí n ṣe é níṣojú rẹ.”

Ìyá tó bí ọkọ mi, tó ti bí ọmọ méje, tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

“Màmá, ó ti ń sàn. Ẹ jẹ́ kó sùn.”

Wọn kò bá mi jiyàn. Mo mú páálí mi, mo kọ ọ́ sínú ìlà kẹta: “Kò sí fée mọ́.” Mo fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe sábẹ́ iṣẹ́ ọmọ tó gba gbogbo rẹ̀. Mo jẹun. Mo padà sílé-ìwé.

Kò tíì tó wákàtí kan tí mo rí i tí àwọn ọmọ kíláàsì mi gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Màmá ni. Wọn kò tíì tẹ ilé-ìwé náà rí. Wọn kò wọ bàtà, ẹrẹ̀ òjò dé orúnkún wọn, wọn kò sì pọn ọmọ náà. Wọ́n gbé e dání sí àyà.

“Ọma mi,” ni wọ́n wí. “Wá wò ó.”

Mo tú aṣọ ara rẹ̀ níbẹ̀ níwájú kíláàsì. Ohun tí mo ti fi etí wá láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú ló yẹ kí n fi wá a. Bó bá ti ń mí, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ìgbà tí ẹnìkan ń fà á láti inú. Ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ètè rẹ̀ dà bí eérú.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti ra mọ́tò nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé wa. Ní oríta Ọ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ agbépo ti dí ọ̀nà, a kò lè lọ, a kò lè bọ̀. Ibẹ̀ ni Màmá ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọn kò tọrọ àyè mọ́. Wọ́n fi ẹnu bo imú rẹ̀, wọ́n fà á, wọ́n tu ú síta láti ojú fèrèsé. Wọ́n fà á, wọ́n tu ú. Ó nípọn, ó ṣe bí oje igi. Ní ìgbà kẹrin, ọmọ náà ké. Ẹkún kékeré ni, ó dà bíi ti ológbò. Òun ni ẹkún àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, mo sì rò nínú mọ́tò yẹn pé a ti bọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba tí a dé jìnnà sí Ọ̀rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú, wọ́n so ó mọ́ àgbá afẹ́fẹ́. Dókítà tó wá bá wa jẹ́ ọkùnrin tí kò dàgbà jù mí lọ. Mo fún un ní ínhélà, mo fún un ní páálí mi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dé ibi ìlà pupa.

“Màdáámù, ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára.” Ó fi ínhélà náà lé mi lọ́wọ́ padà. “Kì í ṣe ikọ́ fée ló ń ṣe é. Ọ̀fìnkìn tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà ọmọ ọwọ́ ni. Ní ti àyà yín, ẹran ara ló máa ń fún ọ̀nà èémí pọ̀, oògùn yìí á sì dẹ̀ ẹ́. Ní tirẹ̀, kò sí ohun tó fún. Àwọn ọ̀nà kéékèèké inú àyà rẹ̀ ló wú, tí ikun kún wọn. Ó dí ni.”

Màmá jókòó nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí dókítà sọ pé ó dí ni, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò mí, wọ́n sì yára gbé ojú kúrò.

“Ìró fée ńkọ́, sà?”

“Ọ̀nà tó bá ti dín ni afẹ́fẹ́ á máa fọn níbẹ̀. Ó lè dín nítorí pé ó fún, ó lè dín nítorí pé ó dí.”

“Kò fọn mọ́ lónìí. Ó dákẹ́.”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó ohun tí yóò fọn mọ́.”

Mo bi í bóyá oògùn mi ló pa á lára. Ó ní kò dájú pé ó ṣe ju pé ó mú ọkàn rẹ̀ sáré lọ. Ó ní, “Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ẹ jókòó sílé. Ọmọ tó kéré báyìí, imú ló fi ń mí. Ẹ̀ bá ti tú imú rẹ̀, kí ẹ máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ léraléra, kí ẹ sì gbé e wá nígbà tó ti kọ ọmú.”

“Bí mo bá gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?”

Ó tún wo páálí náà, bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. “N kò mọ̀, Màdáámù.”

Ó lè pa irọ́ fún mi, ó lè ní kì bá tí yàtọ̀. N kò dá a lẹ́bi pé kò pa irọ́ náà. Ṣùgbọ́n inú “n kò mọ̀” yẹn ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ náà.

Ọmọ náà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní àkókò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń to sórí ìlà. Ọkọ mi ti dé nígbà náà. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ gba òkú lọ́wọ́ wa, nítorí òbí kì í mọ sàárè ọmọ. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Nígbà tí mo ṣì ń gbé Òdìgbó, kò sí ẹ̀yìn ilé tí mo kọjá tí n kò wo ilẹ̀.

Àwọn èèyàn wá kí wa. Omi ló dànù, wọ́n ní, agbè kò fọ́. Òwe tó dára ni, mo ti fi kọ́ ọmọ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní mi, mo ń rò ó pé èmi ni mo yí agbè náà. Ọkùnrin ará Ẹbìrà náà wá, ó fi fìlà sọ́wọ́, ó jókòó lórí àpótí Màmá láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sọ̀rọ̀ kòkó kankan. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, “Màdáámù, ẹ má bínú sí ẹnu mi ọjọ́sí.” Mo ní ẹnu rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Màmá kò sọ ọ́ rí pé èmi ni mo fà á. Bí wọ́n bá ti bú mi ni, ìbá sàn fún mi. Wọ́n bá mi fọ aṣọ funfun mẹ́ta yẹn, wọ́n ká wọn, wọ́n fi wọ́n sínú àpótí. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà sí Ajue, mo gbé ẹrù wọn dé ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, wọ́n di apá mi mú. “Ọma mi, ká ní mo ti fà á lọ́sàn-án yẹn, láìbéèrè…” Wọn kò parí rẹ̀. Ọkọ̀ dúró, wọ́n wọlé. Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi, pé ẹ̀bi mi ti ràn wọ́n bí ọ̀fìnkìn. N kò sáré tẹ̀lé ọkọ̀. N kò sọ fún wọn pé tèmi ni. Ọdún kejì ni wọ́n kú, mo sì ti fi í falẹ̀ títí ó fi pẹ́ jù.

Mo bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yè. Mo kọ́ ọmọ púpọ̀ sí i kí n tó fẹ̀yìn tì. Ikọ́ fée mi kò lọ. Títí di òní, bó bá dé, mo ń na ọwọ́ sí ínhélà, mo ń fín in, àyà mi sì ń là. Kò kùnà rí. Ìyẹn ni n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, pé ohun tí ń gbà mí là ni mo gbọ́dọ̀ máa fi sẹ́nu nígbà gbogbo, kí n máa rántí ẹni tí kò gbà là. Páálí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bírò pupa rẹ̀ ti ń ṣá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ẹnìkan, nítorí kò wúlò fún mi. Ẹ má fi oògùn àìsàn tiyín wo ọmọ yín nítorí pé ìró wọn jọra. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń wú ikọ́, tí imú rẹ̀ dí, ẹ wo bó ṣe ń mu ọmú, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ wo ìhà rẹ̀. Bó bá kọ ọmú, tàbí tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ gbé e lọ. Bí ó bá sì dákẹ́ lójijì, ẹ má yọ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì ní rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fa ikun, wọ́n sì lè kọ́ yín ní bí ẹ ó ṣe lò ó. Kò pọn dandan kí ẹ fi ẹnu fà á. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá wà nínú ilé yín, tó bá ní umú ọma yìí dí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ wo imú ọmọ náà.